Ẹni Tí Kò Mí Létí Adágún Olómitútù

Ẹ gbé irin wá kí n gé e jẹ. Ó lè jẹ́ àdá, ó lè jẹ́ ìwọ̀ ẹja, èyí tó bá ṣáà ti wà nítòsí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí irọ́ bá wà nínú ẹ̀, kódà kó kéré bí ẹyin iná orí, kí irin yẹn há mi lọ́fun, kó má lọ, kó má bọ̀. Mọ́nsúrù, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí? Ìwọ tó o ní ẹja kan wọ́ ẹ láti ibí dé Kútọ́nu, ṣé ìwọ náà ló fẹ́ máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn? Pa ẹnu ẹ dé. Ẹ̀yin tó kù, ẹ sún mọ́ bí.

Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ Mútíátù gbọ̀n. Ó dákẹ́. Ó tún gbọ̀n.

Ẹ̀yìn adágún ni wọ́n wà lásìkò yẹn, níbi tí àpáta Olómitútù ti ga débi pé ẹyẹ tó bá fẹ́ fò ó kọjá á kọ́kọ́ sinmi lójú ọ̀nà, á jẹun, á tún sinmi. Omi wà nísàlẹ̀, ó tutù nini, ó ń dán bíi dígí. Àwọn tó wá láti Ìlọrin, láti Ìbàdàn, láti gbogbo ìlú tí ooru ti lé ewé kúrò lórí igi, wọ́n ń rìn kiri létí omi, àpò lẹ́yìn, ọ̀pá lọ́wọ́. Àwọn kan fi okùn so ara wọn rọ̀ mọ́ àpáta, wọ́n ń sùn síbẹ̀ bí àdán. Ìgbádùn ni wọ́n ń pè é. Mútíátù wà níwájú, àwọn mẹ́ta tó ń fọ̀nà hàn ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Kò sí òkúta létí adágún yẹn tí kò mọ orúkọ bàbá ẹ̀.

Ó gbé orí ọ̀pá sétí.

"Mútíátù." Ìyá Ẹnubodè ni.

Ẹni tí kò bá mọ Ìyá Ẹnubodè, kó má jẹ́ kójú ti òun. Ògiri ni. Ògiri dúdú kan tó dí ẹnu ọ̀nà adágún, tí wọ́n ki ohùn ìyá arúgbó kan bọ inú ẹ̀. Bó o bá débẹ̀ tó ò kúnlẹ̀ kí i, o ò ní wọlé. Bó o bá wà nínú tó ò kúnlẹ̀ kí i, o ò ní jáde. Ọ̀gá ológun kan nàró síwájú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òun kì í kúnlẹ̀ fún sìmẹ́ńtì. Ibẹ̀ ló wà tí irùngbọ̀n fi hù ú, tí irùngbọ̀n ọ̀hún tún fi funfun.

"Mò ń gbọ́, Ìyá," Mútíátù dáhùn. "Ẹ kú ìjókòó."

"Mo ti ń fetí sílẹ̀ látàárọ̀. Ẹnìkan nínú àwọn tó o kó wọlé kò mí."

Ẹsẹ̀ Mútíátù dúró, àmọ́ ó sáré tún gbé e, kí àwọn tó wà lẹ́yìn má baà fura. "Kò mí kẹ̀, Ìyá?"

"Ẹ̀gbà tí kálukú yín rà sẹ́sẹ̀ kó tó wọlé, tiẹ̀ ń dún sí mi létí, ó ń lọ bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Èémí ẹ̀ ni mi ò gbọ́. Arọ́pò ni. Bẹ́ ẹ bá dé iwájú mi, wàá nawọ́ sí i, màá gbà á, màá lọ̀ ọ́. Bó o bá nawọ́ sí ẹni tó ń mí, mo gba òǹtẹ̀ ọwọ́ ẹ. Bó o bá dákẹ́, mo gba òǹtẹ̀ ọwọ́ ẹ. Ó yá, ẹ máa rìn, oòrùn ń lọ."

Ọ̀pá dákẹ́.

Mútíátù wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ lábẹ́ awọ, ó ń tàn bí ojú ológbò. Òun ló fi ń ṣílẹ̀kùn iṣẹ́. Òun náà ló fi ń ṣí yàrá ìyá ẹ̀ nílé ìtọ́jú, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń mí fún ìyá ọ̀hún látìgbà tí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àràárọ̀ ni Mútíátù ń lọ tẹ ọwọ́ lé ẹ̀rọ yẹn, kó lè mọ̀ pé ìyá yìí ṣì ní ọmọ tó ń rìn fún un. Ọjọ́ tí òǹtẹ̀ bá kú lọ́wọ́ ọmọ, ẹ̀rọ náà á dúró nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ ò sí ńbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ bẹ̀? Ẹ̀rọ tí ò ní bàbá, tí ò ní àbúrò.

Ó yíjú sẹ́yìn, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà.

"Ọmọ yìí!" Ẹni tó pariwo ni Alàgbà Ṣótóyè, olówó kan láti Ìbàdàn, tí ikùn ẹ̀ máa ń dé ibi tó ń lọ kí òun fúnra ẹ̀ tó dé. "Ibi tá à ń lọ yìí, ṣé kò tíì dé ni?"

"Ó ku díẹ̀, Alàgbà."

"Díẹ̀ tó o sọ látàárọ̀ nìyẹn. Inú ló ń run mí o! Inú! Wọ́n ní àfi kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara mi yí adágún po kí dókítà tó fọwọ́ kàn mí níkùn. Ẹsẹ̀ mi ló ń run mí ni?"

"Ẹ̀yin olówó náà lẹ fà á," Màmá Tèjúmádé sọ. Ìyá àgbà kan nìyẹn, orí ẹ̀ funfun báláú, ó sì ń gun òkè bí ewúrẹ́ tó rí ewé ẹ̀gẹ́. "Òfin ní kí gbogbo wa máa rìn. Ẹ wà nílé, ẹ ń jẹ ìgbín, ẹ rán ẹ̀rọ arọ́pò wá. Ẹ fojú yín sí i lójú, ẹ fohùn yín sí i lẹ́nu, ó ń rìn kiri bí ọmọ èèyàn. Ìyá Ẹnubodè ò wá gbọdọ̀ máa yẹ̀ wá wò bí?"

"Èmi kọ́ o. Ẹ máa dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá wí."

"Ó ti tó, Alàgbà mi. Ẹ kú òkè, ẹ kú oòrùn, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìfaradà," Màmá sọ.

Mútíátù gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó rí i pé oòrùn ń yan gbogbo wọn bí àgbàdo, síbẹ̀ iwájú orí Alàgbà gbẹ, kò sí òógùn kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó sanra tó yẹn! Ó rí i pé Màmá ò mí hẹlẹ, ó sì ń kíni ju bó ṣe yẹ lọ. Látàárọ̀ ni ìyá yìí ti ń kíni. Ó kí òkúta. Ó kí aláǹgbá kan tó ń sáré, ó ní ẹ kú eré. Ta ló ń kíni báyẹn, bí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n kó gbogbo ìkíni ayé sí nínú lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹnì kẹta wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀dọ́kùnrin ni, irùngbọ̀n ẹ̀ kún bí igbó ìjù, Láògún lorúkọ tó fún Mútíátù. Òun kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé gbé àpò sẹ́yìn, tiẹ̀ wà láyà, ó sì fọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Bọ̀dá Láògún," Mútíátù pè é, "ẹ gbé àpò sẹ́yìn, á rọ̀ yín lọ́rùn."

"Ó ti rọ̀ mí lọ́rùn báyìí, àǹtí. Ẹ ṣeun."

Ó dáa.

Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ ìbòòji, Mútíátù ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n jẹ nǹkan. Ó kó ẹja díndín àti ẹ̀kọ síta, ó pín in. Bẹ́ ẹ bá rò pé inú rere ni, ẹ ò gbọ́n. Ó fẹ́ wo ẹnu wọn ni. Alàgbà gbé ẹja, ó dà á sẹ́nu, egungun ò padà jáde. Màmá kọ́kọ́ kí ẹja náà, lẹ́yìn náà ló jẹ ẹ́, tó ń pọ́n ìka lá. Láògún kẹ̀yìn sí wọn. Mútíátù ṣe bí ẹni tó fẹ́ bu omi, ó gba ẹ̀gbẹ́ kan yọjú, ó sì rí i kedere: ọkùnrin yìí bu ẹja sí méjì, ó ki ìdajì bọ inú àpò.

Òun nìyí, Mútíátù rò. Arọ́pò tí wọ́n kọ́ láti díbọ́n bí ẹni ń jẹun!

Ó kó ewé ẹ̀kọ nílẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n ń lọ. Ó kọ́kọ́ sún mọ́ Alàgbà, ó ní, "Alàgbà, ẹ ò làágùn rárá. Ara yín mà le o."

Alàgbà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ọrùn agbádá ẹ̀. Atẹ́gùn tutù fẹ́ síta bíi pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fíríìjì. "Inú agbádá ni ẹ̀rọ ẹ̀ wà. Fọwọ́ kàn án. Ṣé o rò pé màá jẹ́ kí oòrùn pa mí nítorí dókítà?"

Ó sún mọ́ Màmá. "Màmá, orúnkún yín ò dùn yín?"

"Orúnkún wo, ọmọ mi? Irin ni. Méjèèjì. Ìbàdí pẹ̀lú. Ojú ọ̀tún yìí náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí i ni, mo fi ń rí inú àwọsánmà." Ó fọwọ́ gbá orúnkún, ó dún gbàn-ìn bí ìkòkò. "Ohun tó kù tó jẹ́ tèmi gan-an, ẹnu mi ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ìkan ní òtútù nínú, ìkan jẹ́ irin látìbàdí dé ẹsẹ̀, ìkan ń ki ẹja bọ àpò. Ta ni kéèyàn mú?

Mútíátù wá ta ọgbọ́n kan. Ó rí òkúta kan lọ́nà, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì, débi pé àwọn ẹja inú adágún yọrí wò ó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí dáadáa, bí wọ́n bá kọsẹ̀ níwájú ẹ̀, ì báà wà lójú oorun, á ní pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rọ ò ní rántí, ohun tó rò nìyẹn.

"Pẹ̀lẹ́ o! Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu!" Màmá.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ yìí, la ojú ẹ." Alàgbà.

"Pẹ̀lẹ́, àǹtí." Láògún. Gbogbo wọn ló sọ ọ́! Mútíátù dìde, orúnkún ẹ̀ bó lásán, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ọ. Láògún tẹrí ba, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sínú àpò ẹ̀: "Kò sí nǹkan kan. Ó kọsẹ̀ ni. Kò farapa."

Mútíátù wo àpò yẹn. Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ta ló wà níbì kan, lórí àga, tó ń fi ojú arọ́pò wo ọ̀nà, tó ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀?

Alàgbà náà gbọ́ ọ. Ó fa aṣọ Mútíátù, ó gbẹ́nu sí i létí. "Ọmọ yìí, mi ò dití o. Mo gbọ́ ohun tí ògiri sọ lórí ọ̀pá ẹ. Bó o bá pa á mọ́, ìrìn gbogbo wa dòfo, bí mo bá sì padà wá yí adágún yìí po lẹ́ẹ̀kan sí i, màá kú. Òun ni. Àbí o tún ń wá ẹ̀rí mìíràn?"

"Mò ń wò ó, Alàgbà."

"O ń wò kí ni? Ẹni tó ń bá àpò sọ̀rọ̀! Nawọ́ sí i, kí kálukú máa lọ ilé."

Mútíátù gbé ọ̀pá, ó tẹ̀síwájú. Àmọ́ nínú ara ẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti gbà. Ó tiẹ̀ tù ú lára. Ó ń rìn, ó ń ro bó ṣe máa dé ilé ìtọ́jú, bó ṣe máa tẹ ọwọ́ lé ẹ̀rọ, bí àyà ìyá ẹ̀ á ṣe máa gbéra, á máa rọlẹ̀.

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Ògiri dúdú yẹn ga dí wọn lójú. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ihò kan là sílẹ̀, tí eyín irin wà nínú ẹ̀ yíká, tó ń yí wuuu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ arọ́pò. Kòkòrò irin tó máa ń ṣọ́ èèyàn fò wá, ó bà sórí ògiri, ó la ojú pupa. Gbogbo wọn kúnlẹ̀, Alàgbà dọ̀bálẹ̀, ikùn ẹ̀ ò jẹ́ kí iwájú orí ẹ̀ kanlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," Ìyá Ẹnubodè sọ. "Mútíátù, nawọ́ sí i."

Mútíátù dìde, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó yí ọwọ́ náà sí Láògún.

Láògún rí ọwọ́ tó ń bọ̀. Kò sá. Kò bẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó yára yí àpò kúrò níwájú ihò yẹn, ó fi ọwọ́ kan gbé ìdí ẹ̀, ó fi èkejì di òkè ẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ jòjòló rí mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń di orí ọmọ mú ni, tí ọrùn ẹ̀ ò tíì gbó.

Ọwọ́ Mútíátù dúró láàárín ọ̀nà.

"Kí ló wà níbẹ̀?" ó bi í. "Ọkùnrin yìí, sọ fún mi. Ìyá mi wà lórí ọwọ́ yìí, má jẹ́ kí n ṣe àṣìṣe."

Láògún wò ó títí. Ó wá ṣí àpò.

Ọmọláńgidi ni. Ọmọláńgidi oníke bí irú èyí tí wọ́n ń tà fáwọn ọmọdé, ojú kan ti yọ kúrò lára ẹ̀. Wọ́n dá bùbá sí i lọ́rùn, aṣọ kan náà tí Láògún wọ̀, bọ́tìnnì kan náà. Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ wà ní ìbàdí ẹ̀, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ kéré ju ẹ̀gbà lọ. Ìdajì ẹja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀, nínú ewé.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," Láògún sọ. "Kẹ́hìndé mi ni. Àwa méjèèjì la jọ ń ro adágún yìí láti kékeré, pé a máa wá. Ooru ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ló pa á. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀gbà, mi ò lè ra ìkan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Ohun tí wọ́n bá rà fún Táíwò…"

"…wọ́n gbọ́dọ̀ rà á fún Kẹ́hìndé," Màmá Tèjúmádé bá a parí ẹ̀. Ojú tiẹ̀ tó kù ń ṣomi. Èyí tó jẹ́ irin ò ṣe nǹkan kan.

"Kí ló dé tó ò sọ?" Mútíátù fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

"Kí n sọ fún ta ni? Òfin ní ohunkóhun tó bá lójú tó nímú tí kò mí, arọ́pò ni. Ṣé kí n máa pariwo ẹ̀ káàkiri ni?"

"Ó ti parí!" Alàgbà pàtẹ́wọ́. Ìdùnnú mú un dìde. "Kò sí ẹjọ́ mọ́. Ike ni! Ọmọ yìí, nawọ́ sí ike, kí ògiri lọ̀ ọ́, kí á máa lọ. Èèyàn kankan ò kú."

"Mútíátù," Ìyá Ẹnubodè pè. "Oòrùn ń lọ. Nawọ́ sí i."

Wàhálà dé. Ṣé ẹ rí i? Ó ti mọ ẹni tí kò mí. Bó bá nawọ́ sí ọmọláńgidi yìí, òótọ́ ló nawọ́ sí, òǹtẹ̀ ẹ̀ á máa tàn, ìyá ẹ̀ á máa mí. Kí ló kù? Ike lásán. Àmọ́ Láògún ti sún mọ́ ihò yẹn, ó ní, "Àǹtí, mi ò bínú sí yín. Ìyá ni ìyá. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá fún un ní Kẹ́hìndé, ẹ sọ fún un kó la ẹnu kó gba èmi náà. Mi ò ní fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì." Kì í ṣe ẹni tó ń halẹ̀. Ohùn tó fi sọ ọ́, ohùn tí èèyàn fi ń ní òun ń lọ pọn omi ni.

Eyín irin ń yí. Kòkòrò irin ń wò.

Mútíátù ò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó tú ìborùn orí ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gba ọmọláńgidi lọ́wọ́ Láògún, ó gbé e sẹ́yìn, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kó jókòó dáadáa, ó sì so ìborùn mọ́ àyà. Ó wá kúnlẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "gbogbo àwọn tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn lẹ́yìn mi ló ń mí. Ẹni tẹ́ ẹ ò gbọ́ èémí ẹ̀ kì í rìn. Ọmọ ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yìn mi ló wà."

Ògiri dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn pọ̀ débi pé adágún gbàgbé láti ru. Alàgbà la ẹnu, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, Màmá fi orúnkún irin kàn án ní itan, ó pa á dé.

"Ọmọ ẹ̀yìn ò ní ẹsẹ̀," Ìyá Ẹnubodè sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ wá nǹkan nísàlẹ̀ àpótí. "Èémí tí ìyá ẹ̀ bá mí, òun náà ló mí. Òfin wà bẹ́ẹ̀ fún abiyamọ. Kí lorúkọ ọmọ ẹ?"

Mútíátù ì bá sọ orúkọ mìíràn. Ì bá ní Sàká, ì bá ní Làmídì, kí gbogbo ẹ̀ sì parí síbẹ̀. Àmọ́ ọmọ Yorùbá wo ló máa fi orúkọ mìíràn pe ìbejì?

"Kẹ́hìndé, Ìyá."

"Hẹn-ẹn. Táíwò ẹ̀ dà?"

Gbogbo wọn wo ara wọn.

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè. Èèyàn kì í bí Kẹ́hìndé nìkan. Táíwò ẹ̀ dà?"

Láògún gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Èmi rè é, Ìyá."

"Kí ló ń ṣe nílẹ̀?" Ìyá Ẹnubodè bínú. "Ìwọ Mútíátù, o pọn ìkan, o fi ìkan sílẹ̀ kó máa fẹsẹ̀ rìn? Irú ìyá wo nìyẹn? Wọn kì í ya ìbejì. Pọ̀n ọ́n."

"Ìyá, ó ti… ó ti dàgbà díẹ̀."

"Pọ̀n ọ́n, àbí kí n ti ilẹ̀kùn?"

"Ọkùnrin onírùngbọ̀n!" Alàgbà ò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ó ga ju èmi lọ!"

"Ta nìyẹn tó ń dá sí ọ̀rọ̀ ìyá ìbejì?" Eyín irin yí kíákíá. Alàgbà dọ̀bálẹ̀ padà.

Màmá tú ìró ìkejì nídìí, ó nà án fún Mútíátù. Mútíátù yí ọmọláńgidi síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Gùn mí." Láògún ní rárá, ó ní ojú ń ti òun. Mútíátù ní, "Ojú á tì ẹ́ bí wọ́n bá ń lọ̀ ẹ́. Gùn mí!" Ó gùn ún. Mútíátù nàró! Mo ní ó nàró! Iṣan ọrùn ẹ̀ yọ bí okùn ọkọ̀ ojú omi, ilẹ̀ rì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, Màmá ń so ìró, ó ń kí i, "Ẹ kú ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á wò wọ́n."

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ògiri ò ṣí.

"Ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀yìn kì í wọ́lẹ̀," Ìyá Ẹnubodè sọ.

Lóòótọ́, ẹsẹ̀ Láògún gùn, ó ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn. Ta ló máa gbé e? Màmá ti di ìró mú. Gbogbo ojú yí sí Alàgbà Ṣótóyè. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó wo ihò tó ń yí. Olówó Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ Láògún méjèèjì sí abíyá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ẹni ń ti ọmọlanke. Òógùn wá ń bọ́ lójú ẹ̀ wàyí, agbádá òtútù ò ran nǹkan kan mọ́.

Ògiri ṣí.

Wọ́n jáde. Mútíátù la àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó: òǹtẹ̀ ń tàn rokoṣo.

"Àǹtí," Láògún sọ lẹ́yìn ẹ̀, "ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ báyìí."

"Pa ẹnu ẹ dé." Mútíátù ò wẹ̀yìn. Kòkòrò irin ti fò kúrò lórí ògiri, ó ń tẹ̀ lé wọn, ojú pupa ẹ̀ ò ṣẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá máa ju ọmọ nù lójú ọ̀nà. "Kòkòrò yẹn kì í sun oorun, kì í rẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sọ̀ ẹ́ kalẹ̀, ó máa lọ sọ. Jókòó dáadáa."

Ó gbé e kọjá níwájú àwọn tó ń ta ọ̀pá àti bàtà. Ó gbé e kọjá níwájú àwọn tó ń pa àgọ́ létí omi, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń ní ẹ kú ọmọ o. Alàgbà ṣì wà lẹ́yìn, ó ń gbé ẹsẹ̀, ó ń ní kí wọ́n má sọ fún ìyàwó òun. Ó gbé e gun òkè ilé ìtọ́jú, òkè tí ẹṣin máa ń sinmi nídìí ẹ̀ kó tó gùn ún. Ó dé yàrá ìyá ẹ̀, ó tẹ ọwọ́ lé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ mí. Àyà ìyá gbéra, ó rọlẹ̀. Mútíátù dúró níbẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n lẹ́yìn, ọmọláńgidi níwájú, kòkòrò irin lójú fèrèsé, kò lè sunkún, torí bó bá sunkún ìró á tú.

Ìyá ẹ̀ la ojú. Mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, ó la ojú! Ó wo ẹ̀yìn ọmọ ẹ̀, ó wo iwájú ẹ̀, ó ní, "Mútíátù, o bímọ, o ò sọ fún mi?"

"Ó sọ̀rọ̀ kẹ̀? Ẹni tí ẹ̀rọ ń mí fún?"

Ó sọ̀rọ̀, Mọ́nsúrù! Ó tún dìde jókòó, ó ní kí wọ́n gbé Táíwò fún òun, kí òun náà pọ̀n ọ́n…

"Ó tó! Ó tó bẹ́ẹ̀!"

…ó sì pọ̀n ọ́n, ó bọ́ síta, ó ń jó…

"Ẹ bá wa fa onírọ́ yìí dìde. Ìwọ ọmọ yìí, máa lọ sílé yín! Máa lọ!"